Ọwọ́ Fífọ̀ Lẹ́yìn Ìjà

Ẹ pa fóònù yẹn. Mo ní kí ẹ pa á. Láti ìgbà tí mo ti kí ìrun alásárì tán ni mo ti ń gbọ́ ohùn ara mi nínú ẹ̀rọ yín, tí mò ń sunkún, tí ẹ̀yin ń pariwo pé, "Ẹ wo Bàbá, ẹ wo Bàbá!" Kí lẹ fẹ́ wò lára mi? Ṣebí mo jókòó síbí. Obìnrin tí ẹ rí tó ń bu omi sí ọwọ́ Rìlíwánù ẹ̀gbọ́n yín nínú fídíò yẹn, kò bí ẹnikẹ́ni tó bá Rìlíwánù jà. Irọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, àfi omijé mi nìkan. Ohun tó sì ń rí mi lára jù nìyẹn.

Ẹ súnmọ́ ibí. Ẹ fún àbúrò yín láyè lórí bẹ́ǹṣì. Mọ̀gàríbì kò tíì tó, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi.

Nígbà tiwa, a kì í lọ wo ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì. Ojúde agboolé yìí ni, níbi tí ẹ ń gbé ọ̀kadà sí yẹn gan-an. Ọjọ́ kejì Iléyá ni, nígbà tí ẹran bá ti wà níkùn, tí kò sí ẹni tó lè sọ pé ebi ló jẹ́ kí wọ́n na òun. A ó rọ yanrìn kún inú àgbá mẹ́rin, a ó ri òpó igi mọ́ ọn, a ó wá lọ yá okùn lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Okùn náà a máa rùn bí ẹja gbígbẹ. Bí wọ́n bá fi ẹ̀ṣẹ́ lé ọ dé ìdí rẹ̀, o ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òórùn yẹn tó kúrò lára rẹ. Irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tí a so rọ̀ ni agogo wa, bàbá arúgbó kan tí etí rẹ̀ wúwo ló sì ń lù ú. Lọ́dún kan, bàbá náà gbàgbé ara rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ. Ráúndì kan ṣoṣo gùn títí àwọn méjèèjì tó ń jà fi jókòó sílẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n ń tọrọ omi.

Èbúté Èrò la ti ń múra ìjà. A ó ru àpò láti inú ọkọ̀ ojú omi gòkè, a ó sọ̀kalẹ̀, a ó tún ru òmíràn, títí ẹsẹ̀ wa yóò fi le. Ẹ̀yin ń lọ sí jíìmù lónìí, ẹ ń sáré lórí ẹ̀rọ, ẹ kò sì dé ibì kankan. Àpò fúláwà tí a ki lẹ́búlẹ́bú igi sí nínú la máa ń so mọ́ àjà ẹ̀yìnkùlé láti máa lù. Gbì, gbì, gbì, láti ìgbà tí a bá ti kírun àsùbáà tán. Ohùn yẹn ló ń jí àwọn obìnrin ilé. Nígbà òjò, omi a wọ inú àpò, àpò náà a sì le bí òkúta. Lọ́jọ́ kan mo fún un ní ẹ̀ṣẹ́ òsì kan báyìí, àpò ya, ìyá eku kan àti gbogbo ọmọ rẹ̀ bá jábọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní akọni ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó, mo sáré wọ yàrá ìyá mi, mo sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó yẹ kí ẹ rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjà gan-an ni mo fẹ́ sọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìjà ni. Ẹni tó bá borí kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tó fi jà jẹun títí wọn yóò fi fọ̀ ọ́ fún un. Bí ebi bá ń pa á jù, kó wá ṣíbí. Àwọn ọmọdé a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri àdúgbò pé lágbájá ń fi ṣíbí jẹ ẹ̀bà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò wọ aṣọ tó dáa, yóò mú ọ̀rẹ́ kan dání, yóò sì gba ilé ẹni tó nà lọ. Ìyá ẹni tó ṣubú yóò ti gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sílẹ̀ nínú abọ́, iyọ̀ díẹ̀ á wà nínú rẹ̀. Yóò di ọwọ́ méjèèjì mú, yóò yẹ̀ wọ́n wò ní ìka kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún. Yóò wá pe oríkì ọmọ rẹ̀, yóò ní, "Ọwọ́ tó na Àjàní mi, mo fọ̀ ọ́." Yóò da omi sí i, yóò sì fi etí ìró tó ró sídìí nù ún gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹni tó nà àti ẹni tí wọ́n nà yóò jọ jẹun nínú abọ́ kan ṣoṣo. Ọbẹ̀ ẹja tí a ń pè ní ìmóyò ni wọ́n máa ń sè, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ata sí i rárá, nítorí pé ètè ẹni tó ṣubú ti bẹ́. O lè fẹ́ràn ata ju ẹ̀mí rẹ lọ, wàá jẹ ẹja aláìláta lọ́jọ́ náà. Ẹni tí wọn kò bá fọ ọwọ́ rẹ̀ kò ní wọ ìbọ̀wọ́ mọ́ ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó. Òfin nìyẹn, kò sí lórí ìwé kankan, kò sì sí ẹni tó jẹ́ rú u.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ariwo bá ń sọ, tí àwọn èèyàn ń kígbe pé pa á, pa á, ẹni tí ò ń nà kò ní ojú lọ́dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, wàá rí ojú náà bó ṣe wú, wàá rí ìyá rẹ̀, wàá rí àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń wò ọ́ bí ẹni pé kó bù ọ́ jẹ. Bí wọ́n bá fọ ọwọ́ rẹ tán, tí o padà sínú ríìngì, wàá mọ ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ tó yẹ kí o fún èèyàn. Àbúrò obìnrin tí mo wí yẹn, èmi náà pàdé tèmi. Mo na ọkùnrin kan ní òpópó Adéníji Adélé, nígbà tí mo lọ fọwọ́, àbúrò rẹ̀ ló gbé omi jáde. Ó ti bu iyọ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ, kó lè ta mí níbi tí ọwọ́ mi ti bó. Omi náà ta mí títí mo fi ń fò sókè. Òun náà ni Àlájà tó wà nínú ilé yìí, ìyá àgbà yín. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní irọ́ ni mò ń pa.

Gbogbo ìyẹn ti lọ. Agboolé mélòó ló kù tí kò tíì di ṣọ́ọ̀bù alájà mẹ́rin? Àwọn ìyá tó lè bu omi ti kó lọ sí òkè odò, àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń yá wa lókùn ti kú. Ó ku èmi àti àwọn díẹ̀ nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ó sì yẹ kí n ti pa ẹnu mi mọ́ lọ́dọ̀ àjèjì.

Ẹ mọ Rìlíwánù, ẹ̀gbọ́n yín, ọmọ ọmọ mi. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, èmi ni mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró, pé kó má gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó ń wo ìràwọ̀. Ó dàgbà, ó ga, ó fẹ̀ débi pé ó ní láti fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Nínú àwọn tó wúwo jù, àwọn tí wọ́n ń pè ní hẹfiwéètì, kò sí ẹni tó nà án láti ọdún mẹ́ta wá. Mẹ́dàlì mẹ́fà ló fi kọ́ sára ògiri. Ìjà àmàtọ̀ ni gbogbo rẹ̀: ìjọba pè é, ó lọ, ó jà, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì padà wálé.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan ti Ìkòyí wá. Agbátẹrù ìjà ló pe ara rẹ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ kò dé ọrùn ẹsẹ̀, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ sì ṣáájú rẹ̀ wọ ojúde. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, mo rò pé ọmọlúwàbí ni. Ó ní òun fẹ́ kí Rìlíwánù lọ pírò, kó fi ẹ̀ṣẹ́ ṣe iṣẹ́, ìjà márùn-ún nínú ìwé kan. Rìlíwánù ní òun kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan bí èmi kò bá sọ pé kó lọ.

Àlájà kò tiẹ̀ jẹ́ kí ọkùnrin náà jókòó tán. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Bàbá Wàsíù, ẹ sọ fún un kó máa lọ."

Rìlíwánù dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Màmá, mẹ́dàlì mẹ́fà ni mo ní. Bí mo bá kọjá Adéníji Adélé báyìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Ṣé títí ayé ni mo fẹ́ máa wọ bọ́ọ̀sì ìjọba?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo mọ ohun tó ń wí, torí pé èmi náà ti jẹ́ ọ̀dọ́. Mo ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ máa ṣe." Mo wá lanu mi, mo sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ fún àjèjì. Mo sọ ti omi, mo sọ ti iyọ̀, mo sọ ti ọbẹ̀ aláìláta. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́, mò ń fi ọwọ́ júwe. Mo rò pé mò ń fi ìdè so wọ́n ni. Ojú ọkùnrin náà là. Ó ní, "Dádì, èyí ga o! Ayé ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Gbogbo ìjà la máa ṣe é, mo búra." Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Àlájà wò mí báyìí, ó dìde, ó sì wọlé.

Wọ́n lẹ pósítà ìjà náà mọ́ gbogbo ògiri. Wọ́n pe ẹni tí Rìlíwánù fẹ́ bá jà ní Kìnnìún Ìbàdàn, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ tó la ẹnu. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní òdìkejì omi ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n fi mí jókòó sórí àga rírọ̀ níwájú. Òtútù ẹ̀rọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ ń jẹun, wọ́n ń wo fóònù wọn, ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ wọn kọ sí ríìngì. Iná pupa, iná búlúù, orin tó ń dún bí ẹni ń lu páànù. Ṣíọ̀! Rìlíwánù fún Kìnnìún ní ẹ̀ṣẹ́ méjì ní ráúndì àkọ́kọ́, ó fi òsì dá a dúró, ó fi ọ̀tún gbé e ṣubú. Ó dún bí ìgbà tí àpò ìrẹsì bá já bọ́ lórí. Wọ́n pariwo, wọ́n gbé Rìlíwánù sókè. Èmi náà dìde, mo pàtẹ́wọ́. Mo rí i pé wọ́n ń wọ́ ọkùnrin yẹn gba ẹ̀yìn lọ kó tó lajú tán, mo sì tún ń pàtẹ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi mọ́tò wá gbé wa. Mo dé fìlà mi tó dára jù. Wọ́n gbé wa lọ sí ilé kan tí wọ́n ní ilé ìyá Kìnnìún ni, obìnrin kan sì jókòó nínú àga, ó wọ ìró àtijọ́, abọ́ omi wà níwájú rẹ̀. Iná kámẹ́rà mẹ́ta tàn sí i lójú. Nígbà tó di ọwọ́ Rìlíwánù mú, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìka kọ̀ọ̀kan, ara mi bù máṣọ. Mo rántí gbogbo àwọn ìyá tó ti kú. Mo sunkún, ẹ̀yin ọmọ mi. Ibi tí ẹ ń wò nìyẹn.

Obìnrin náà wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ tó na Kìnnìún mi, mo fọ̀ ọ́."

Kìnnìún? Ìyá wo ló ń fi orúkọ ara pósítà pe ọmọ tó bí? Mo nu ojú mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni oríkì ọmọ yín?"

Kò wò mí. Ọkùnrin tó mú kámẹ́rà ló wò. Agbátẹrù náà ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká parí èyí ná."

Mo tún bi í, "Kí lẹ máa ń pè é bó bá ń sunkún?"

Obìnrin náà sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ má bínú, sà. Wọn ò kọ ìyẹn sínú ìwé tí wọ́n fún mi."

Òṣèré ni. Wọ́n há ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Aṣọ ìnuwọ́ funfun tuntun, tí orúkọ òtẹ́ẹ̀lì wà lára rẹ̀, ni wọ́n fi nu ọwọ́ ọmọ mi, ìrẹsì aláta pupa fòò sì wà lórí tábìlì tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Mo ṣí fìlà mi, mo jáde, Rìlíwánù sáré tẹ̀ lé mi. Mo bi í pé ta ni ọkùnrin tó nà, ó ní òun kò mọ̀. Mo bi í pé níbo ló ń gbé, kò mọ̀. Mo ní, "O na ẹni tí o kò mọ orúkọ rẹ̀?" Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́." Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà náà, orí àga rírọ̀ ni mo jókòó sí. Bí gbogbo wọn ṣe ń rí mi lára tó, èmi ni mo rí ara mi lára jù.

Ní ọjọ́ kẹta, Àlájà lọ ra ìrẹsì ní Èbúté Èrò. Nígbà tó padà dé, kò sọ àpò kalẹ̀ tán tó fi dúró síwájú mi. Ó ní, "Bàbá Wàsíù, Kìnnìún yín tó wà lára pósítà wà ní Èbúté Èrò. Ó ń ru ìrẹsì."

Èmi àti Rìlíwánù lọ. A bá a lẹ́bàá omi, níbi tí èmi náà ti ń ru àpò nígbà ọ̀dọ́ mi. Aláàárù ni. Ojú òsì rẹ̀ ti dí, ètè rẹ̀ ti bẹ́, ó ń rọra mu gàrí, torí pé ohun tó láta kò lè wọ ẹnu rẹ̀. Nígbà tó rí Rìlíwánù, ó fẹ́ dìde, ó rò pé a wá bá a jà ni.

Mo ní, "Jókòó, ọmọ mi. Kí lorúkọ rẹ?"

Ó ní, "Sákárì ni, Bàbá. Ará Ìsẹ́yìn ni mí."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ó wà nílé, Alihamudulilahi. Gàrí ló ń yan."

"Kí ló máa ń pè ọ́?"

Ó yà á lẹ́nu. Ó ní, "Àlàó ni."

Rìlíwánù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ja ẹ̀ṣẹ́ rí?"

Sákárì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ kò gbà fún un. Ó ní, "Níbo? Wọ́n wá wo àwa tó tóbi nínú aláàárù ni, wọ́n mú mi. Wọ́n ní kí n máa yí ká, kí n wá ṣubú ní ráúndì kejì. Àbúrò, mo fẹ́ ṣe é bí wọ́n ṣe wí o. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ ò jẹ́ kí n débẹ̀ ni." Ó fọwọ́ kan ojú tó wú náà. Ó ní, "Wọ́n tún ti pè mí fún tòmíràn. Wọ́n ní wọ́n á yí orúkọ padà."

Ẹ̀yin ọmọ, mo wo Rìlíwánù. Ọmọ tó ti gba mẹ́dàlì mẹ́fà, tó bá àwọn tó mọ ìjà jà, tó borí wọn láìṣe àrékérekè. Mo rí i tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun ìdọ̀tí. Ṣé ohun tí wọ́n ń pè ní pírò nìyí? Pé kí wọ́n lọ wá aláàárù, kí wọ́n pè é ní kìnnìún, kí wọ́n gbé e síwájú ọmọ èèyàn bí ẹran? Nígbà tiwa, ẹni tó bá na ẹni tí kò mọ ìjà, ìtìjú kò ní jẹ́ kó lè jáde fún oṣù kan. Lónìí wọ́n ń fi bẹ́líìtì wúrà dì í nídìí.

Rìlíwánù bẹ Sákárì pé kó mú òun lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àárọ̀ Alámísì ni wọ́n wọ ọkọ̀ Ìsẹ́yìn. Mo rò pé bí ìyá gidi bá ti fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti tán, kó wá padà máa jà bó bá wù ú. Àná ló dé, òun ló sì sọ bó ṣe rí fún mi.

Ó ní ìyá náà wà nídìí agbada gàrí rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé tán. Ó wá bi Sákárì pé, "Ṣé wọ́n ní kí o ṣubú ni?" Sákárì dorí kodò. Ó bi Rìlíwánù pé, "Ìwọ, ṣé o mọ̀ nígbà tí ò ń nà án?" Rìlíwánù ní òun kò mọ̀, ó fi Ọlọ́run búra. Ìyá náà gbọn eruku gàrí kúrò lọ́wọ́, ó di ọwọ́ ọmọ mi méjèèjì mú, ó yẹ̀ wọ́n wò. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Rìlíwánù ní òun rò pé yóò wá bu omi.

Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, n kò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n ìjà ni wọ́n ń fọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Ìwọ àti Àlàó mi ò jà. Ẹnì kan ló rà á ní ọjà, tó gbé e fún ọ kí o máa lù. Ọwọ́ onítọ̀hún ni kí ẹ gbé wá, kí n fọ̀ ọ́."

Ó sì fi ọwọ́ Rìlíwánù sílẹ̀. Ó wá ro ẹ̀bà fún wọn, ó se ọbẹ̀, kò fi ata sí i. Kò sí ẹni tó sọ fún un nípa ata. Ẹnu ọmọ rẹ̀ ló wò.

Láàárọ̀ yìí, agbátẹrù náà pe Rìlíwánù. Ìdí kànga ni a jọ wà, mo sì gbọ́ ohùn ọkùnrin náà ketekete nínú fóònù. Ó ní fídíò náà ti káríayé, pé ìjà kejì ti yá, pé àwọn ti rí Ẹkùn kan láti Ìlọrin.

Rìlíwánù ní, "Ẹ má bínú, n kò lè jà. Ọwọ́ mi ò tíì mọ́."

Agbátẹrù náà ní, "Ọwọ́ báwo? Ṣé o fara pa ni?"

Rìlíwánù ní, "Rárá o. Wọn ò fọ̀ ọ́ fún mi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ìyẹn nìkan? Mo máa wá ìyá tó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ fún ẹ." Rìlíwánù pa fóònù náà. Ìjà mẹ́rin ṣì kù nínú ìwé tó fọwọ́ sí, n kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe wá, n kò sì ní purọ́ fún yín pé ẹ̀rù kò bà mí.

Ẹ pa fídíò yẹn rẹ́ kúrò nínú fóònù yín. Ohun kan sì tún kù. Láti ọjọ́ tí a ti Èbúté Èrò dé ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yín lójúde yìí, pé ẹ̀gbọ́n yín ti di òyìnbó Ìkòyí. Ẹ lọ yọjú sí i ní yàrá Àlájà báyìí. Ẹ ó bá a níbẹ̀, gìrìpá ọkùnrin tó tó báyẹn, tó jókòó sílẹ̀ tí abọ́ wà níwájú rẹ̀, tó ń fi ṣíbí jẹ ẹ̀bà.